Ìṣirò Orí: Ọ̀nà Àbùjá Tí A Fi Ń Sọ Nọ́ńbà Di Púpọ̀

Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà àbùjá nínú ìsọdipúpọ̀ kì í pẹ́ rí i. Wọ́n á ní bí o bá fẹ́ mọ 11 lọ́nà 43, ya 4 àti 3 sọ́tọ̀, ro wọ́n pọ̀, ki 7 bọ àárín wọn, ó di 473. Wọ́n á ní 35 lọ́nà 35, mú 3, fi 4 tó tẹ̀lé e sọ ọ́ di púpọ̀, kọ 12, kí o lẹ 25 mọ́ ọn nídìí, ó di 1,225. Òótọ́ ni méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé bí nọ́ńbà bá ti yí padà díẹ̀ báyìí, àbùjá náà á sọnù mọ́ onítọ̀hún lójú. Ọmọ tó mọ 35 lọ́nà 35 á gbé ìlànà yẹn lọ bá 35 lọ́nà 45. Á ní 3 lọ́nà 5 jẹ́ 15, á lẹ 25 mọ́ ọn, á kọ 1,525. Kò rí bẹ́ẹ̀. 1,575 ni.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ ní Ṣágámù, irú àṣìṣe yìí ò sì ṣàjèjì sí mi. Kì í ṣe pé orí àwọn ọmọ náà ò pé. Wọ́n há àbùjá sórí láìmọ ibi tó ti wá ni. Nítorí náà, dípò kí n to ogún àbùjá sílẹ̀ fún yín, ẹyọ ohun kan ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jáde. Nọ́ńbà tó bá le, ẹ fi èyí tó rọrùn tó wà nítòsí rẹ̀ rọ́pò. Ẹ ṣe ìṣirò náà lórí èyí tó rọrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ èyí tí ẹ fi lé kúrò, tàbí kí ẹ dá èyí tí ẹ mú kúrò padà. Kò sí idán kankan níbẹ̀, àwọn baba ńlá wa sì ti fi í sínú bí a ṣe ń pe nọ́ńbà kí ilé ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Èdè wa ti ń ṣe é tipẹ́

Ẹ ka nọ́ńbà síta kí ẹ gbọ́ ọ. Láti 11 dé 14, orí ẹ̀wá ni a ń kún: ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá. Bó bá ti di 15, a ti kẹ̀yìn sí ẹ̀wá, ogún ni a ń wò: ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rìndínlógún, ẹ̀tàdínlógún. A gbà pé ogún ti pé, a wá ń yọ èyí tó dín kúrò nínú rẹ̀. 45 ni àrùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ni ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, ọgọ́ta sì ni ogún lọ́nà mẹ́ta. Ẹni tó bá pe 45 lẹ́nu ti sọ ogún di púpọ̀ lọ́nà mẹ́ta, ó ti yọ ẹ̀wá, ó sì tún ti yọ àrún, kó tó mí.

Ẹ wá gbọ́ ti igba. Ẹgbẹ̀ta ni 600, ẹgbẹ̀rin ni 800, ẹgbẹ̀fà ni 1,200, ẹgbẹ̀je ni 1,400, ẹgbẹ̀jọ ni 1,600. Igba lọ́nà mẹ́ta, lọ́nà mẹ́rin, lọ́nà mẹ́fà, lọ́nà méje, lọ́nà mẹ́jọ nìyẹn. Ìyá àgbà tó ń pe 1,400 ní ẹgbẹ̀je ti gbé ìdáhùn 200 lọ́nà 7 sẹ́nu látìgbà èwe rẹ̀. Tó bá wá pe 1,500 ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ohun tó ń sọ ni pé ká mú 1,600, ká yọ ọgọ́rùn-ún kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan gbà pé owó ẹyọ ló gbé e dé bẹ́ẹ̀. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS tó gbé láàárín Yorùbá, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1887. Bí wọ́n bá da ẹyọ sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á máa fi ọwọ́ wọ́ ọ márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún mẹ́rin jẹ́ ogún, ogún márùn-ún jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì jẹ́ igba. Èyí tí wọ́n sín sókùn, ogójì ló wà lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ẹ rántí pé títí di ogun Ìmàgbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà lọ́dún 1892, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni ọ̀pọ̀ ọ̀nà òwò láti etí ọ̀sà lọ sí òkè wà. Àwọn tó ń ná ọjà nílẹ̀ yìí nígbà náà kò ní bírò, kò sì sẹ́ni tó lè jókòó ka ọ̀kẹ́ owó lẹ́yọ lẹ́yọ. Wọ́n ní láti mọ bí a ṣe ń kó nọ́ńbà jọ ní ìdì, kí wọ́n sì mọ bí a ṣe ń yọ èyí tó dín.

Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá gbọ́ táwọn kan ń sọ pé ìṣirò Yorùbá le jù, pé ó dàrú. Ìyọkúrò tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni ohun èlò tó dára jù lọ fún ẹni tó fẹ́ fi orí ṣírò.

Ẹ san owó tó pé, kí ẹ gba ṣéńjì

Ká ní kóńgò gàrí Ìjẹ̀bú kan jẹ́ ₦950, ẹ sì fẹ́ ra mẹ́jọ l'Ọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. 950 lọ́nà 8 kò wuni í fi orí ṣe. Àmọ́ 1,000 lọ́nà 8, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣe é bí ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún kan náírà sílẹ̀ lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan: ₦8,000 lápapọ̀. Ṣéńjì àádọ́ta náírà wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ ₦400. ₦7,600 ni owó ọjà yín.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣubú ni ṣéńjì yẹn. Bí mo bá kọ 19 lọ́nà 7, wọ́n á yára sọ pé 20 lọ́nà 7 jẹ́ 140. Wọ́n á wá yọ ọ̀kan, wọ́n á kọ 139. Ọmọdébìnrin kan bi mí léèrè ohun tí àwọn tó kù ń rò nínú: "Tíṣà, ṣebí ọ̀kan péré ni 19 fi dín sí 20, kí ló dé tí ẹ fi yọ méje?" Ìbéèrè tó dáa ni. 19 fi ọ̀kan dín sí 20 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀méje ni a mú un. Ẹ̀ẹ̀méje náà ni a ti fi ọ̀kan lé. Nítorí náà, 140 ni a ó ti yọ 7, ó ku 133. Ẹ má gbàgbé láé pé bí ẹ bá fi nǹkan lé nọ́ńbà kan, nọ́ńbà kejì ló ń sọ iye ìgbà tí ẹ fi lé e.

Bí èyí bá ti yé yín, kò sí àbùjá "ti 9" àti "ti 99" lọ́tọ̀ mọ́. 9 lọ́nà 68 ni 680 tí a yọ 68 kúrò nínú rẹ̀, 612. 99 lọ́nà 47 ni 4,700 tí a yọ 47 kúrò nínú rẹ̀, 4,653. Ọ̀nà kan náà ni ti àpò sìmẹ́ńtì 15, ká ní ₦9,800 ni ọ̀kan: 15 lọ́nà 10,000 jẹ́ 150,000, 15 lọ́nà 200 jẹ́ 3,000, ó ku ₦147,000.

Láti ọwọ́ òsì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ wa láti bẹ̀rẹ̀ ìsọdipúpọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, láti ìdí ẹyọ, kí a máa gbé ọ̀kan lọ, gbé méjì lọ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀ bí bébà bá wà, torí bébà ló ń bá wa rántí. Orí kì í ṣe bébà. Lọ́dún 1956, George Miller, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá l'Ámẹ́ríkà, kọ̀wé pé nǹkan bíi méje, ó lè fi méjì lé tàbí kó fi méjì dín, ni ènìyàn lè dì mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ṣe ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ tún ní ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wá ń fi orí gbé ọ̀kan lọ, tó ń rántí ẹyọ tó ti kọ sílẹ̀ lọ́kàn, tó tún fẹ́ ka gbogbo rẹ̀ padà láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó ti di ẹrù tó ju agbára ọkàn lọ. Bí ẹ bá ti ń rò pé ẹ ò ní orí ìṣirò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlànà bébà yìí ni ẹ ń gbìyànjú láti fi orí ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó ńlá wà. 47 lọ́nà 6: 40 lọ́nà 6 jẹ́ 240, 7 lọ́nà 6 jẹ́ 42, ó di 282. 364 lọ́nà 7: 300 lọ́nà 7 jẹ́ 2,100, 60 lọ́nà 7 jẹ́ 420, a ti dé 2,520, 4 lọ́nà 7 jẹ́ 28, ó di 2,548. Ẹyọ nọ́ńbà kan péré ni ẹ ń gbé kiri lọ́kàn, òun náà ni ẹ sì ń fi kún. Àǹfààní kejì ni pé bí ẹnì kan bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín lójijì, ẹ ti mọ̀ pé ìdáhùn náà lé ní 2,500. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún kò tíì mọ nǹkan kan jù pé 8 ló wà ní ìparí.

Òdo tó wà ní ìdí nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ dá a padà níkẹyìn. Bí ọkọ̀ kan bá kó èrò 14 ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦1,500, 14 lọ́nà 15 ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀: 140 fún mẹ́wàá, ìdajì rẹ̀ tí í ṣe 70 fún márùn-ún, 210. Òdo méjì padà sáyè wọn, ₦21,000.

Márùn-ún, àti àwọn ìbátan rẹ̀

Márùn-ún jẹ́ ìdajì ẹ̀wá. Nítorí náà, ẹ pín nọ́ńbà sí méjì, kí ẹ wá fi òdo kan sí i. Ìdajì 86 ni 43, 86 lọ́nà 5 jẹ́ 430. Bí nọ́ńbà náà kò bá ṣeé pín sí méjì gééré, ìdajì tó ṣẹ́ kù á di 5 ní ìdí: ìdajì 37 ni 18 àti àbọ̀, 37 lọ́nà 5 jẹ́ 185.

25 mẹ́rin ló wà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ fi òdo méjì sí i. 36 lọ́nà 25: 9, 900. Bí èrò 18 bá wọkọ̀ ní ₦2,500, 18 tí a pín sí mẹ́rin jẹ́ 4 àti àbọ̀, 18 lọ́nà 25 jẹ́ 450, owó ọkọ̀ náà jẹ́ ₦45,000. Bákan náà ni 125, mẹ́jọ rẹ̀ ló wà nínú ẹgbẹ̀rún: 24 lọ́nà 125 jẹ́ 3,000.

Ọmọ ìyá èyí ni kí ẹ pín ọ̀kan sí méjì, kí ẹ sì sọ èkejì di ìlọ́po méjì. Ìdáhùn kì í yí padà, torí ohun tí ẹ mú lọ́wọ́ ọ̀kan lẹ fún èkejì. 16 lọ́nà 35 kan náà ni pẹ̀lú 8 lọ́nà 70, 560. 45 lọ́nà 18 kan náà ni pẹ̀lú 90 lọ́nà 9, 810. Ó dára jù nígbà tí 5 bá wà ní ìdí ọ̀kan, tí èkejì sì ṣeé pín sí méjì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tilẹ̀ fi ìlọ́po méjì ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìsọdipúpọ̀ wọn. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ahmes fi hàn nínú ìwé òrépèté tó kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 kí wọ́n tó bí Jésù. Bí ó bá jẹ́ 13 lọ́nà 24 ni, wọ́n á máa sọ 24 di ìlọ́po méjì: 24, 48, 96, 192, ìyẹn ẹyọ kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ. 13 ni ọ̀kan pẹ̀lú mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́jọ, nítorí náà 24, 96 àti 192 ni wọ́n á ro pọ̀: 312. Nínú irú ìṣirò yìí, kò sí ohun tí wọ́n ní láti há sórí ju bí a ṣe ń sọ nǹkan di méjì.

Ibi tí 7 àárín ti wá

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 11. 11 ni ẹ̀wá àti ọ̀kan. 11 lọ́nà 43 ni 430 pẹ̀lú 43. Bí ẹ bá to méjèèjì lé ara wọn, 3 ti 430 àti 4 ti 43 ló máa pàdé ní àárín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ ro wọ́n pọ̀, kò sí àṣírí mìíràn. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní dààmú nígbà tí àárín bá ju 9 lọ. 11 lọ́nà 78: 7 àti 8 jẹ́ 15, kò ṣeé ki 15 bọ àárín kó di 7158. Ẹ ṣáà ṣe 780 pẹ̀lú 78, 858 ni. 11 lọ́nà 352 ni 3,520 pẹ̀lú 352, 3,872.

Láti ibẹ̀, 12 ni ẹ̀wá pẹ̀lú ìlọ́po méjì, 15 ni ẹ̀wá pẹ̀lú ìdajì rẹ̀. 64 lọ́nà 15 ni 640 pẹ̀lú 320, 960.

Ilẹ̀ 35 ní 35

Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń wọn ilẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ ní 120, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,200, torí fífẹ̀ ilẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ kan lọ́nà ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ wá ronú kan ilẹ̀ tó jẹ́ 35 ní 35. Ẹ gé ẹsẹ̀ márùn-ún kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó kù jẹ́ 30 ní 35, èyí tí ẹ gé sì jẹ́ pẹlẹbẹ gígùn kan tó fẹ̀ ní 5, tó gùn ní 35. Ẹ gbé pẹlẹbẹ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ti di 40, ṣùgbọ́n 30 péré ni àyè tí pẹlẹbẹ náà lè tẹ́ sí. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀ lọ́wọ́ yín: igun kékeré kan tó jẹ́ 5 ní 5. Nítorí náà, ilẹ̀ 35 ní 35 ni ilẹ̀ 30 ní 40 pẹ̀lú igun 5 ní 5. 1,200 pẹ̀lú 25. 1,225.

Ibẹ̀ ni "3 lọ́nà 4, kí o lẹ 25 mọ́ ọn" ti wá. 65 lọ́nà 65 ni 60 lọ́nà 70 pẹ̀lú 25, 4,225. 85 lọ́nà 85 ni 80 lọ́nà 90 pẹ̀lú 25, 7,225.

Ẹ lè gba ọ̀nà náà padà. Bí wọ́n bá fún yín ní 47 lọ́nà 53, àárín wọn ni 50, 3 ni ọ̀kan fi dín, 3 ni èkejì fi lé. Ilẹ̀ 50 ní 50 ni, tí a yọ igun 3 ní 3 kúrò: 2,500 tí a yọ 9, 2,491. 18 lọ́nà 22 ni 400 tí a yọ 4, 396.

Ẹ wá wo 35 lọ́nà 45 tó ń dààmú àwọn ọmọ. Àárín wọn ni 40, márùn-ún ni wọ́n fi jìnnà sí i. 1,600 tí a yọ 25, 1,575. Kì í ṣe ìṣirò tí kò wúlò o. Bí Ojúde Ọba bá ń sún mọ́lé, tí régbérégbé kan tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 45 dá aṣọ ní ₦35,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, akápò ẹgbẹ́ tó mọ èyí á sọ fún ìpàdé lójú ẹsẹ̀ pé ₦1,575,000 ni owó tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó lọ bá aláṣọ.

Àbùjá kan tún wà tó jọ ti 35, tó sì ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Bí nọ́ńbà méjì bá ní ẹ̀wá kan náà, tí ẹyọ wọn sì pé mẹ́wàá, bíi 43 àti 47, ẹ lè ṣe 40 lọ́nà 50, kí ẹ wá fi 3 lọ́nà 7 kún un: 2,021. 62 lọ́nà 68 ni 60 lọ́nà 70 pẹ̀lú 16, 4,216. Ohun méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pé. 43 àti 57, ẹyọ wọn pé mẹ́wàá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀wá wọn yàtọ̀, kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà tó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún náà ń kọ́? Ẹ wo 97 lọ́nà 96. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà 97 jẹ́ 9,700. 96 fi 4 dín sí ọgọ́rùn-ún, nítorí náà a ní láti yọ 4 lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹ kúkú yọ ọ́ lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 400, ó ku 9,300. Ẹ ti yọ 4 mẹ́ta jù. Ẹ dá 12 padà: 9,312. Àwọn tó ń kọ́ni ní àbùjá á ní "yọ 4 kúrò nínú 97, kọ 93, lẹ 3 lọ́nà 4 mọ́ ọn". Ìdáhùn kan náà ni, àmọ́ ẹ ti wá mọ ìdí rẹ̀.

Ohun tí ó ṣì gbọ́dọ̀ wà lórí

Gbogbo èyí dúró lórí àkọ́sórí ìsọdipúpọ̀ láti 2 dé 9, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tí kò mọ 7 lọ́nà 8 kò lè fọ́ 78 lọ́nà 8 sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù náà kò tó bí àwọn ọmọ ṣe rò. Níwọ̀n bí 7 lọ́nà 8 ti jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú 8 lọ́nà 7, 36 péré ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá yọ ti 2 àti ti 5 tí gbogbo ènìyàn mọ̀, 21 ló kù. 6 lọ́nà 7, 6 lọ́nà 8 àti 7 lọ́nà 8 ló máa ń sá lórí jù. Ẹ jókòó ti àwọn mẹ́ta yẹn.

Wọ́n lè sọ fún yín nípa àwọn abàmì. Jakow Trachtenberg, tí wọ́n bí ní Odessa, fi orí lásán ṣẹ̀dá ìlànà ìṣirò tirẹ̀ nígbà tí ó wà ní àhámọ́ àwọn Násì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Shakuntala Devi, ọmọ Íńdíà, sọ nọ́ńbà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó òǹkà 13 di púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 28 ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ 18 oṣù Òkúdù 1980. Ẹ yìn wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Ìṣirò orí tí ẹni tó ń ta obì ní Ṣágámù tàbí ẹni tó ń kọ́lé n'Íkẹ́nnẹ́ nílò kò tó ìdá kan nínú èyí. Òǹkà méjì lọ́nà òǹkà méjì ló ń pàdé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú òdo tó tẹ̀lé e.

Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, mo mọ̀. Mo ń lò ó. Àmọ́ ìka kan tó ṣèèṣì tẹ òdo lẹ́ẹ̀kan lé, fóònù kò ní sọ fún yín. Ẹni tó ní ìṣirò orí nìkan ló máa wo ojú fóònù náà, tí yóò sọ pé owó yìí kò lè pọ̀ tó báyìí.

Bí ẹ ṣe máa yẹ ìdáhùn wò

Èyí tó yára jù ni ti mẹ́sàn-án. Ẹ ro àwọn òǹkà inú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan. Fún 47 lọ́nà 6: 4 àti 7 jẹ́ 11, 1 àti 1 jẹ́ 2. 2 lọ́nà 6 jẹ́ 12, ìyẹn 3. Ẹ wo ìdáhùn, 282: 2, 8 àti 2 jẹ́ 12, òun náà jẹ́ 3. Wọ́n bára mu. Bí wọn ò bá bára mu, ó dájú pé àṣìṣe wà. Ohun tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé 10, 100 àti 1,000 fi ọ̀kan ṣoṣo ju ìdì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án lọ. Bí a bá ti kó gbogbo mẹ́sàn-án kúrò nínú nọ́ńbà, àpapọ̀ àwọn òǹkà rẹ̀ ló ń fi èyí tó ṣẹ́ kù hàn.

Kì í rí gbogbo àṣìṣe, ẹ má gbójú lé òun nìkan. Ẹ padà wo àpò sìmẹ́ńtì 15 ní ₦9,800. 9 àti 8 jẹ́ 17, ó di 8. 1 àti 5 jẹ́ 6. 8 lọ́nà 6 jẹ́ 48, ó di 12, ó di 3. 147,000 náà jẹ́ 12, ó di 3. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé 4 àti 7 gba ipò ara wọn, tó kọ ₦174,000 sínú ìwé, 3 náà ni yóò fún un, ti mẹ́sàn-án kò ní rí i. Òdo kan tó lé tàbí tó dín náà, kò ní rí i. Nítorí ìyẹn ni kí ẹ fi ṣe ìkejì, kí ìkíní jẹ́ nọ́ńbà tó pé tó wà nítòsí: àpò 15 ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá jẹ́ ₦150,000, owó àpò kan kò sì tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ìdáhùn tó bá ti kọjá ₦150,000, ẹ má san án.